Àpò Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Oníṣẹ́-Ọnà: Láti Orí Páálí dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà, ìbáà ṣe ti ìwé títẹ̀, ti ìpolówó ọjà, tàbí ti àga àti ohun èlò ilé, kò lè fi ẹnu lásán wá iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un yóò sọ pé ó jókòó ní kíláàsì, ó sì yege nínú ìdánwò. Kò lè sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tó. Nígbà tí ó bá dé iwájú ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ní kí ó mú jáde. Nítorí èyí ni ó fi di àṣà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, kí ó tó di àṣà ní Yábàá, ní Zaria àti ní Ifẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣa èyí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú àpò pẹlẹbẹ kan tí a fi páálí líle ṣe, kí ó sì máa há a mọ́ abíyá kiri. Pọtifólíò ni wọ́n ń pe àpò náà. Inú èdè Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin: apá kan jẹ́ gbígbé, apá kejì jẹ́ abala ìwé.

Lóde òní, páálí ti ń di ohun àtijọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì ń tẹ́ ẹ sí, kí ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí i láìdìde lórí àga. Àǹfààní ńlá ni èyí, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí a máa tẹnu mọ́ bí a ti ń kó àpò náà jọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń pa á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àpò yìí, láti ìgbà páálí títí di ìgbà kọ̀ǹpútà, jẹ́ ìtàn pípamọ́ ju ìtàn kíkójọ lọ. Ọwọ́ ta ni àpò náà wà? Irú ohun wo ni a sì fi ṣe é?

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ agbẹ́gilére kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró sí ààfin tàbí sí ojúbọ tí a gbẹ́ ẹ fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ bá a. Òkìkí òpó àti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ sí ààfin ọba kan ni ó ń gbé e dé ààfin ọba mìíràn, títí ó fi kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Nígbà tí àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á lówó, àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò padà sílé mọ́. Nílé, oríkì ni ó ń tọ́jú orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì kì í, tí ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton láti Amẹ́ríkà sì gbà á sílẹ̀. Ikán kì í jẹ oríkì, iná kì í sì í jó o. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń béèrè ni ẹni tí yóò máa ki ènìyàn.

Àṣà àpò páálí bá ẹ̀kọ́ ọnà ilé-ìwé wọ Nàìjíríà. Àìná Ọnàbólú ni ó ta ku sí ìjọba lọ́rùn títí wọ́n fi rán olùkọ́ ọnà kan, Kenneth Murray, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ní 1937, Murray kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pàtẹ wọn ní Zwemmer Gallery. Ben Enwonwu wà nínú wọn, kò sì tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Àwọn ọmọ náà kò wọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ wọn ni ó wọ̀ ọ́. Olùkọ́ ni ó di àpò, òun ni ó gbé e, òun náà ni ó mú un dé ojú àwọn tí wọ́n lè ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Ó bọ́ sí rere, nítorí pé olóòótọ́ ni ẹni tí ó gbé àpò náà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń bọ́ sí rere bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà mọ̀ ni ti Lucia Moholy àti ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus. Walter Gropius ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Weimar ní ilẹ̀ Jámánì ní 1919. Ó kó lọ sí Dessau ní 1925, ó kó lọ sí Berlin ní 1932, ìjọba Nazi sì fún un lọ́rùn títí ó fi kógbá sílé ní 1933. Ọdún mẹ́rìnlá péré ni ó lò láyé, síbẹ̀ kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kan lónìí tí kò jẹ nínú ogún rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ́kọ́ ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ ìdánwò, tí yóò máa fi ìwé, igi, wáyà, òkúta àti aṣọ ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀gá yóò jókòó yí ohun tí ó ṣe ká, wọn yóò sì pinnu bóyá kí ó wọ ilé iṣẹ́ tàbí kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni ó ń gba ẹnu ọlọ́wọ́ sọ̀rọ̀.

Lucia Moholy kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe olùkọ́ tí a ń sanwó oṣù fún. Ìyàwó László Moholy-Nagy ni, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni níbẹ̀ ní 1923. Ìlú Prague ni a bí obìnrin náà sí ní 1894, ó sì mọ fọ́tò yíyà dójú àmì. Òun ni ó ya ilé tuntun tí Gropius kọ́ sí Dessau, òun ni ó ya ìkòkò tíì tí Marianne Brandt ṣe nígbà tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, òun náà ni ó ya àwọn àga àti fìtílà tí ó ti ilé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ìwé tí Bauhaus bá tẹ̀, fọ́tò rẹ̀ ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò dé Dessau rí ti rí Dessau láti ojú obìnrin yìí. Kí a kúkú sọ pé òun ni ó di àpò iṣẹ́ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwo gíláàsì ńláńlá, nǹkan bí 560, tí a fi ń tẹ fọ́tò jáde, ni àpò náà.

Ní 1933, àwọn Nazi wá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, nínú ilé rẹ̀ gan-an ní Berlin. Ọmọ Júù ni Lucia. Kò dúró di ẹrù. Ó sá lọ sí Prague, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Ọ̀dọ̀ Moholy-Nagy, tí wọ́n ti pínyà ní 1929, ni àwọn àwo gíláàsì náà kù sí. Òun ni ó sì fà wọ́n lé Gropius lọ́wọ́. Gropius kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Harvard ní 1937. Ní 1938, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York pàtẹ iṣẹ́ Bauhaus, fọ́tò Lucia wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ó sì wà nínú ìwé tí a tẹ̀ fún ìpàtẹ náà. Orúkọ Lucia kò sí lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ya àwòrán àwọn ènìyàn kí ó lè jẹun, ó sì gbà pé àwọn àwo náà ti fọ́ ní Berlin. Nígbà tí ogun dé, iṣẹ́ tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni iṣẹ́ yíya ìwé sórí fíìmù kéékèèké, kí ìmọ̀ má bàa ṣègbé. Ẹni tí ó ń bá àwọn ẹlòmíràn pa ìwé wọn mọ́ kò mọ ibi tí tirẹ̀ wà.

Ó di àwọn ọdún 1950 kí ó tó mọ̀ dájú pé ọwọ́ Gropius ni wọ́n wà. Ó kọ ìwé sí i, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún lọ́yà. Ní 1957 ó gba 230 padà nínú 560. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà Gropius lè sọ pé bí kò bá kó wọn lọ ni, ogun ìbá ti run wọ́n. Àní bọ́ǹbù wó ilé Lucia ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1940. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn bá ni pa ẹrù mọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa fi ẹrù náà ṣe fáàrí láìdárúkọ olówó rẹ̀. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni obìnrin náà fi wá iṣẹ́ láìní ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀rí náà ń gbé orúkọ ẹlòmíràn ga ní òkè òkun.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ti rí ní ayé gíláàsì àti páálí. Ayé kọ̀ǹpútà dé kíákíá. Kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní 1984. Láàárín ọdún kan sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter àti ètò PageMaker ti mú kí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń gba odidi ilé ìtẹ̀wé tẹ́lẹ̀. Ètò Photoshop pàápàá, inú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti jáde. Ní 1987, Thomas Knoll ń múra oyè dókítà ní yunifásítì Michigan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì lè fi àwòrán tí ó ní àwọ̀ eérú hàn dáradára. Ó kọ ètò kékeré kan láti fi wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ John, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sinimá, rí i, ó sì bá a fẹ̀ ẹ́ lójú, ilé-iṣẹ́ Adobe sì gbé e sórí àtẹ ní 1990. Ní 1991, Tim Berners-Lee tú ọ̀nà ìjápọ̀ ojú-ìwé tí ó ṣe ní CERN, ní ilẹ̀ Switzerland, sílẹ̀ fún gbogbo ayé, CERN sì sọ ní 1993 pé ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ibi tí ó lè tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí láìsan owó ìpàtẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí ni GeoCities, tí David Bohnett àti John Rezner dá sílẹ̀ ní California ní 1994. Ètò ìlú ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá wọlé yóò yan àdúgbò: SoHo ni àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé, Athens ni ti àwọn olùkọ́ àti onímọ̀, SiliconValley ni ti àwọn oníkọ̀ǹpútà. Wọn yóò fún un ní nọ́ńbà bí ẹni ń fún ni ní nọ́ńbà ilé, wọn yóò sì fún un ní ààyè ọ̀fẹ́ tí kò ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ilé rẹ̀: yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àmì HTML, yóò kó àwòrán rẹ̀ sórí rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Àwọn tí ó gòkè àgbà nínú iṣẹ́ yìí lónìí máa ń rẹ́rìn-ín ojú-ìwé wọ̀nyẹn, nítorí ìràwọ̀ tí ń tan tí ń kú àti àwọ̀ tí ń dun ojú tí ó kún inú wọn. Kò yẹ ní rírẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ bí a ti ń tò ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí ojú kan láìsí olùkọ́.

Àléébù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ilé ni wọ́n kọ́, ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ní 1999, Yahoo ra GeoCities ní owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó gbé òfin tuntun jáde tí ó fún Yahoo ní àṣẹ láti lo ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fi síbẹ̀ bí ó ti wù ú. Ariwo ta. Àwọn olùgbé ìlú náà bọ́ àwọ̀ kúrò lára ojú-ìwé wọn, wọ́n sọ ọ́ di eérú bí ilé tí ẹlẹ́mìí ti kúrò nínú rẹ̀, títí Yahoo fi yí òfin náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìṣẹ́gun ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ́gun kò bi ara wọn léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí onílẹ̀ bá sọ pé òun kò lo ilẹ̀ náà mọ́. Ọjọ́ náà dé ní 26 oṣù kẹwàá, 2009. Oṣù kẹrin ọdún náà ni Yahoo ti kéde rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ kó ẹrù rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́, tí ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, tàbí tí ó ti kú, tirẹ̀ bá a lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìtàn kan, Archive Team, tí Jason Scott kó jọ, sáré wọ inú ìlú náà kí ilẹ̀kùn tó tì, wọ́n sì kó ohun tí ọwọ́ wọn bá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé: ó lé ní 600 gígábáìtì, a sì ti fún un pọ̀ kí ó tó mọ bẹ́ẹ̀.

Àdánù kejì kò ti ọwọ́ onílẹ̀ wá. Inú ohun tí a fi kọ́lé ni ó ti wá. Láti nǹkan bí 1998, oníṣẹ́ ọnà tí ó bá fẹ́ kí a mọ òun ní ọ̀jáfáfá, Flash ni yóò fi ṣe àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ètò tí Macromedia gbé jáde ni, Adobe sì ra Macromedia ní 2005. Flash mú kí àwòrán máa rìn, kí orin máa kọ, kí ojú-ìwé ṣí bí aṣọ orí ìtàgé. Ẹwà rẹ̀ kò láfiwé nígbà náà. Ṣùgbọ́n fáìlì Flash dà bí ẹrù tí a rán lẹ́nu: ẹni tí kò ní irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí a fi ń tú u kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fóònù iPhone dé ní 2007, kò gbà á wọlé. Adobe fúnra rẹ̀ kéde ní 2017 pé òun yóò jáwọ́. 31 oṣù kejìlá, 2020 ni òpin rẹ̀, nígbà tí ó sì di 12 oṣù kìn-ín-ní, 2021, irinṣẹ́ náà kọ̀ láti ṣí ohunkóhun mọ́. Ẹni tí àpò rẹ̀ jẹ́ kìkì Flash jí ní òwúrọ̀, ó bá ojú-ìwé òfìfo. Àwọn olùfẹ́ ìtàn tún dìde. Wọ́n ṣe ètò kan tí ń jẹ́ Ruffle, tí ó lè tú díẹ̀ nínú ẹrù náà, ilé ìkówèésí Internet Archive sì ń fi í ṣí àwọn iṣẹ́ àtijọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Kí a fi èyí wé ojú-ìwé àkọ́kọ́ tí Berners-Lee kọ ní CERN. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ní àwòrán kankan, kò sì lẹ́wà. Nígbà tí CERN dá a padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ ní 2013, gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ayé ni ó kà á láìwo ìyà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò lọ sí GeoCities mọ́. Behance, tí a dá sílẹ̀ ní 2005 tí Adobe sì rà ní 2012, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn agbaniṣíṣẹ́ ti ń wá ènìyàn. Ọgbọ́n ni kí ènìyàn tẹ́ ọjà sí ibi tí oníbàárà ń kọjá. Síbẹ̀ ètò onílẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ó tún burú sí i ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àdírẹ́sì lẹ́tà tí yunifásítì fún wọn ṣí ìkànnì wọn, wọ́n sì ń lo ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba oyè tí a sì ti àdírẹ́sì náà, kọ́kọ́rọ́ ilé bọ́ lọ́wọ́ wọn ní àsìkò gan-an tí wọ́n ń wá iṣẹ́. Ẹni tí ó ra orúkọ ìkànnì ti ara rẹ̀ náà ní láti máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá gbàgbé, ẹlòmíràn lè gbà á.

Nítorí náà ni àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ fi ń ya ilé ìpàtẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àká. Ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìpàtẹ, ó lè yí padà, ó lè parẹ́. Àká wà lọ́wọ́ olówó rẹ̀: fáìlì tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà gan-an, àwòrán rẹ̀ ní irú fáìlì tí gbogbo ètò lè ṣí, ẹ̀dà PDF tí ó ti di ìlànà fún gbogbo ayé láti 2008, àti àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa ọdún tí ó ṣe é, ẹni tí ó ṣe é fún, àti apá tí òun fúnra rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ tí ó bá ẹlòmíràn ṣe. Apá tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń fojú fò dá, bẹ́ẹ̀ orúkọ ni ẹjọ́ Lucia Moholy dá lé lórí ju gíláàsì lọ. Nàìjíríà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, dátà sì wọ́n. Ojú-ìwé tí ó kún fún fídíò lè jẹ owó agbaniṣíṣẹ́ tán kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yọjú. Iṣẹ́ mẹ́wàá tí ó ṣí kíá sàn ju ọgọ́rin tí kò ṣí lọ.

Ní ti ẹrù tí Archive Team kó yọ kúrò ní GeoCities, Olia Lialina, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ní Stuttgart, àti Dragan Espenschied bẹ̀rẹ̀ sí tú u wò ní 2011. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ya àwòrán àwọn ojú-ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń gbé wọn síta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ wọn kò padà wá síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù tí wọ́n kọ́ ọ. Lórí púpọ̀ nínú wọn ni àwòrán kékeré kan wà, ọkùnrin tí ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, tí ń walẹ̀ láìsinmi, tí ó ń sọ fún àlejò pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ níhìn-ín, kí ó jọ̀wọ́ padà wá.